Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò lù mí lórí kẹ̀kẹ́: ta ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò wa. Mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ni ẹnì kan tó wà nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bá ṣàdédé ṣílẹ̀kùn. Mo kọlù ú, mo ṣubú, ọrùn ọwọ́ mi sì kán. Àwọn ìbánigbófò rẹ̀ ní mo lọ́wọ́ nínú ẹ̀bi náà torí mi ò dé akoto. Wọ́n fẹ́ fún mi lówó díẹ̀, kí n fọwọ́ sí ìwé. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ ò sì ní béèrè mọ́ láé. Bí eegun yẹn ò bá wá jinná dáadáa, tí dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, àpò yín lowó á ti jáde.

Ti ilẹ̀kùn ò le rárá. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1968 lórí ìrìnnà ojú títì, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ wà nínú rẹ̀, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ láìkọ́kọ́ rí i dájú pé kò ní fi ẹlòmíì sínú ewu. Ní Ìlú Ọba, láti 2022 ni ìlànà ojú títì wọn ti ń rọ awakọ̀ pé ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni kó máa fi ṣí i. Ẹ dán an wò: èjìká á yí, ojú á sì bọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Akoto ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn. Orí ni akoto ń bò, ọwọ́ ló kán. Ní 2009, adájọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé àìdé akoto lè dín owó gbà-máà-bínú kù, àmọ́ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé akoto ì bá ti gba oníkẹ̀kẹ́ náà. Kò rí i fi hàn, wọn ò sì yọ kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí “mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀” jáde lẹ́nu yín lórí fóònù. Wọ́n lè máa gba ohùn yín sílẹ̀. Níbi púpọ̀, ìwọ̀n ẹ̀bi yín ni wọ́n á yọ nínú owó. Ní Maryland àti Virginia l'Ámẹ́ríkà, ẹ̀bi bíńtín lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe. Oníbàárà mi kan gbé tirẹ̀ fún àwọn tó ń tún un ṣe, wọ́n sì fọ ọ̀dà ilẹ̀kùn mọ́tò tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà dànù. Ọ̀dà yẹn gan-an ni ẹ̀rí wa! Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá àti ti dókítà, kẹ́ ẹ sì tètè béèrè fídíò lọ́wọ́ àwọn tó ní kámẹ́rà nítòsí. Òmíràn kì í pẹ́ tó fi ń pa ara rẹ̀ rẹ́.

Lọ́yà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa máa ń gba owó wa lára ohun tí a bá rí gbà. Ẹ bi í pé ìdá mélòó ni tirẹ̀, àti ta ló máa san owó ìwé dókítà bí ẹjọ́ ò bá bọ́ sí i. Ọjọ́ tún ń lọ: ọdún 3 lẹ ní láti pẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan péré ni ní Tennessee l'Ámẹ́ríkà. Ẹ béèrè tibi tẹ́ ẹ wà lọ́sẹ̀ yìí.