Kí ló dé tí àwọn àgbà fi ní "a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá"?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ó ní wọ́n ń ṣe ìpàdé ẹbí ní agboolé wọn ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn tí àwọn kan ń tà lẹ́yìn wọn ló kó wọn jọ, ṣùgbọ́n odindi wákàtí kan ni wọ́n fi ń jà lórí ẹni tí yóò san owó ìjókòó àti owó omi. Ni bàbá àgbà kan bá ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń béèrè ni pé kí ló pa ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá pọ̀ tí wọ́n fi so wọ́n mọ́ra nínú òwe kan ṣoṣo. Ó fi kún un pé ọ̀rẹ́ òun kan ní òwe náà kò tiẹ̀ bá ojú ayé mu, torí pé ẹ̀tẹ̀ kì í dunni, làpálàpá ló ń yún ènìyàn tí kì í jẹ́ kó sùn.

Ìtumọ̀ òwe náà kò le. Ọ̀rọ̀ ńlá wà nílẹ̀, a gbójú fò ó, a wá kó gbogbo agbára wa lé kékeré. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ dúró sí ni ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n òwe yìí fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí "pa". Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé pípa tí à ń pa ẹran ni. Lójú tèmi, pípa tí à ń fi òrí pa ara ni, èyí tó bí "ìpara". Ẹni tí làpálàpá bá mú a máa wá ewé asùnwọ̀n òyìnbó, a gún un, a sì máa fi pa ojú ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ bá dé ọjà Bódè, ẹ sáà sọ fún àwọn ẹlẹ́wé ọmọ pé làpálàpá ni, wọ́n á ti na ọwọ́ sí i kí ẹ tó dákẹ́. Ewé náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára làpálàpá. Nítorí náà, ẹni inú òwe yìí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ó ń gún ewé, ó ń pa á, ó ń tọ́jú ara rẹ̀ tọkàntọkàn. Àìsàn tí kò ṣe é ló ń tọ́jú.

Ìdí tó fi ń ṣì í ni pé ẹ̀tẹ̀ kì í pariwo wọlé. Ojú kan lára awọ á kàn ṣí díẹ̀ ju ìyókù lọ, tàbí kó pọ́n bí idẹ. Ó lè wà léjìká, ní ìdí, ní itan, lójú. Gbogbo ẹni tó bá rí i á ní làpálàpá ni. Làpálàpá a máa yún, etí rẹ̀ a máa yí po bí òrùka, a sì máa ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí ìpẹ́. Ojú ẹ̀tẹ̀ kì í yún. Irun ibẹ̀ á máa tán lọ, òógùn kò ní yọ níbẹ̀ mọ́, èèrà lè rìn kọjá lórí rẹ̀ kí ẹni náà má mọ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ kankan: oníṣègùn á ní kí ẹni náà di ojú, á lọ́ òwú ṣóńṣó, á máa fi kan awọ níbí àti lọ́hùn-ún, ẹni náà á sì máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kàn. Ibi tí wọ́n bá kàn tí kò tọ́ka sí, ibẹ̀ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Èyí tó ń yún, tó ń lé oorun lọ, òun ni kékeré. Èyí tó dákẹ́ sára ni ẹ̀tẹ̀.

Mo mọ ìyá kan ládùúgbò tí mo gbé dàgbà, nítòsí Mápó. Àmàlà ló ń tà. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, a máa ń dúró wò ó. Bí àmàlà bá jinná, ìyá yìí kì í wá àkísà, kì í wá ewé. Ọwọ́ lásán ló fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí ààrò, á gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, á sì máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé igbá òfìfo ló gbé. Àwọn ènìyàn á hó yèè. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti bá iná mulẹ̀. Àwa ọmọdé gbà pé ó ní oògùn.

Lẹ́yìn èjìká rẹ̀ òsì, ojú kan wà tó ṣí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń fi ewé pa á. Ilé ìwòsàn kan tó lọ tún fún un ní ìpara làpálàpá. Nígbà tí mo dàgbà, òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ohun tó fi òun lọ́kàn balẹ̀ ni pé ojú ibẹ̀ kò yún òun rí, kò dun òun rí. Ọjọ́ tí àṣírí tú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbọ́ òórùn ẹran tó ń jóná, ó sáré wo ìkòkò ọbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ìka kékeré ọwọ́ òsì ìyá rẹ̀ ló wà lórí ẹyín iná, ìyá sì ń bu àmàlà fún oníbàárà lọ.

Ẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe ìyá yìí. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa àrùn náà. Hansen, ará Norway, ló rí i ní 1873. Ibi tó tutù lára ló fẹ́ràn: awọ, imú, etí àti àwọn iṣan tó sún mọ́ awọ, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ láàárín ara àti ọpọlọ. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìgúnpá yín, ibi tí ènìyàn máa ń gbá mọ́ ilẹ̀kùn tí apá á fi gbọ̀n títí dé ìka. Iṣan tó wà níbẹ̀ wà lára èyí tí ẹ̀tẹ̀ máa ń bà jẹ́ jù. Òun ló ń gbé ìmọ̀lára ìka kékeré, òun náà ló ń fún àwọn ẹran ọwọ́ tó ń mú ìka ṣiṣẹ́ ní agbára. Bí ó bá kú, àwọn ìka á ká wọlé bí èékánná àwòdì. Bí ti ẹ̀gbẹ́ orúnkún bá kú, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Bí ti kókósẹ̀ bá kú, àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní mọ ẹ̀gún mọ́. Bí ti ojú bá kú, ìpéǹpéjú kò ní lè pa dé, ẹyinjú á sì máa gba eruku tọ̀sán tòru.

Gbogbo ayé ló gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka. Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, dé Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1946, ó sì fi ọdún púpọ̀ wo ọwọ́ àwọn aláìsàn. Ó rí i pé bí wọ́n bá di egbò ọwọ́ náà, tí wọ́n sì jẹ́ kó sinmi, ó ń jinná bí ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń mú ìka lọ ni iná, ọ̀bẹ, ìṣó, bàtà tó há, lára ẹni tí ìrora kò pè kó yọwọ́. Àwọn mìíràn jí láàárọ̀, wọ́n rí i pé eku ti jẹ ìka àwọn mọ́jú, oorun wọn kò sì dá. Ológbò ni Brand ní kí wọ́n máa fún àwọn tó bá ń padà sílé.

Òwe mìíràn wà tí ẹ ó ti gbọ́: "Adẹ́tẹ̀ sọ̀rọ̀ méjì, ó fi irọ́ kan sí i, ó ní nígbà tí òun lu ọmọ òun lábàrá, òun já a léèékánná pàtì." Àbàrá lè jẹ́ òótọ́, àtẹ́lẹwọ́ ṣì wà. Èékánná dà? Wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Láti ọjọ́ ìyá alámàlà yẹn, n kò lè rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ẹni tó dá òwe náà ti wo ọwọ́ yẹn dáadáa, ó mọ ohun tó kù níbẹ̀ àti ohun tó ti lọ, kò kàn béèrè bó ṣe lọ ni.

Wàyí o, ọ̀rẹ́ yín ní ẹ̀tẹ̀ kì í dunni. Ó gba ibì kan, ó ṣi ibì kan. Iṣan tó ń kú kì í kú jẹ́jẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí ara ẹni náà á dìde gbógun ti kòkòrò yìí, kódà nígbà tó ń lo oògùn lọ́wọ́ tàbí lẹ́yìn tó ti lò ó tán. Iṣan á wú, á le bí okùn lábẹ́ awọ, ìgúnpá kò ní ṣe é fọwọ́ bà. Kíá ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí prednisolone, oògùn tí wọ́n ń lò fún un, kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ó bá pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n fi ń sọ pé "á lọ fúnra rẹ̀" lè sọ ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di èyí tó ká kò títí ayé.

Èyí tó ń jọni lójú jù ni pé ọwọ́ tí kò mọ iná tún lè máa jó olówó rẹ̀. Iṣan tó ti bàjẹ́ a máa rán irọ́ sí ọpọlọ: kò sí iná, ó ní iná ń jó, kò sí abẹ́rẹ́, ó ní abẹ́rẹ́ ń gún. Ìyá náà sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àtẹ́lẹsẹ̀ òun á dà bí èyí tí wọ́n fi ata rodo ra, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kan náà ni ìṣó wọ̀ lọ́sàn-án tí òun kò mọ̀. Nígbà tó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kan, èsì tó gbà ni pé: "Màmá, ẹ ẹ̀ ṣe sọ ọ̀kan? Ẹ ní kò mọ nǹkan kan, ẹ tún ní ó ń jó yín." Ó dákẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kàn ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lóru ni. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ìrora náà kì í ṣe àròsọ. Àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n, ó lè wà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí àrùn ti kúrò lára. Panadó kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, ṣùgbọ́n àwọn oògùn bí amitriptyline, tí dókítà bá ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, lè dín in kù.

Ẹ̀tẹ̀ ń san. Láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa lo oògùn ju ẹyọ kan lọ papọ̀. Lónìí, dapsone, rifampicin àti clofazimine ni wọ́n ń lò: oṣù 6 fún ẹni tí ojú àrùn kò pọ̀ lára rẹ̀, oṣù 12 fún ẹni tó pọ̀ lára rẹ̀. Láti 1995 ni wọ́n ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í kó o ranni, ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló sì lágbára láti lé kòkòrò náà dànù. Nàìjíríà dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ pé ó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1998, àmọ́ ó ṣì ju 1,000 ènìyàn lọ tí wọ́n ń rí i lára wọn lọ́dọọdún. Oògùn á pa kòkòrò. Kò lè jí iṣan tó ti kú. Ọdún méjì tí wọ́n fi ń pa èjìká ìyá alámàlà ni ìka rẹ̀ bá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà bí ẹ bá ń kọ ọ́. Ẹ̀tẹ̀ ni àrùn, ẹ̀tẹ́ ni ìtìjú. Ohùn kan péré ló yà wọ́n, ìwà wa ló so wọ́n pọ̀: láyé àtijọ́, ẹ̀yìn odi ni ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ṣe ń gbé, bó bá sì kú, igbó ni wọ́n ń sin ín sí. Mo ṣì ń pa òwe náà, torí ó kún fún ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n n kì í pe ẹnikẹ́ni ní adẹ́tẹ̀. Ẹni tí ẹ rí ní Sábó tàbí ní Mọ́kọ́lá tí ìka rẹ̀ ti ká kò lè ti lo oògùn tán láti ogún ọdún sẹ́yìn. Àpá lẹ ń wò yẹn.

Ìyá alámàlà ti darúgbó báyìí, kò tà mọ́. Lálaalẹ́, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, á fi òrí pa á, á wá gbé díńgí kékeré kan sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, á máa wá ibi tó pọ́n àti ibi tó bó. Bàtà rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n kó tó wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá gbé omi ìwẹ̀ wá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á ní: "Màmá, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa bọ̀."