Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Yíyọ ẹ́ńjìnì mọ́tò tó ti wó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 mi forí sọ tírélà. Iwájú ti wó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ṣì dáa. Mo fẹ́ yọ ọ́ nínú ọgbà ilé kí n tó ta ìyókù fún àwọn baban bola. Ẹ̀ka igi máńgòrò la fẹ́ so ṣéènì mọ́. Ṣé ó dáa? (Kubwa)

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ́ńjìnì yẹn nìkan ju 100 kìlò lọ. Pẹ̀lú gíá, ó ń lọ sí 200. Ẹ̀ka igi kì í sì í kìlọ̀ kó tó dá. Ẹ wá férémù onírin àti ṣéènì búlọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù kan yá lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Àpò tàbí Kugbo. Sítáǹdì irin ni kó gbé mọ́tò dúró, kì í ṣe jáàkì nìkan, kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, torí òjijì ló ń fọ́.

Ẹ tú orí bátìrì, negative ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀: airbag tí kò bẹ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá ṣì lè bẹ́. Nítorí pé iwájú ti wó, ẹ gé páànù tó di rédíétọ̀ mú, kí ẹ́ńjìnì àti gíá jọ gba iwájú jáde. Tó bá jẹ́ grinder ni ẹ máa fi gé e, ẹ kọ́kọ́ rí i pé epo kò jò níbì kankan, kí ẹ sì gé e tán kí ẹ tó fọwọ́ kan páìpù epo. Epo inú páìpù máa ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Ẹ fi àkísà wé e kí ẹ tó tú u.

Ẹ tú omi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti ti gíá sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má gé họ́ọ̀sì A/C, gáàsì rẹ̀ lè bó ọwọ́, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ tú bóòtù kọ̀ńpírésọ̀, kí ẹ so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ti ṣáàfù (irin tó so gíá mọ́ táyà iwájú), ẹ fa orí inú nìkan kúrò lára gíá. Ẹ fi ti òde sílẹ̀ kí táyà ṣì lè yí dáadáa.

Ìkọ́ irin tó wà lára ẹ́ńjìnì ni kí ẹ so ṣéènì mọ́, kì í ṣe intake (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì). Ẹ jẹ́ kí ṣéènì gba ẹrù náà kí ẹ tó tú bóòtù sítì ẹ́ńjìnì (ohun tó di ẹ́ńjìnì mọ́ ara mọ́tò) tó gbẹ̀yìn. Irin tó ti tẹ̀ máa ń fún bóòtù yẹn mọ́lẹ̀. Bó bá ti tú, ẹ́ńjìnì á ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka ló sì máa ń há.

Bí ẹ bá ń fa ṣéènì tí ara mọ́tò ń bá a gbéra, ẹ dúró. Ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì (earth), họ́ọ̀sì híta méjì tó wà lẹ́yìn, àti okùn gíá, bóyá ọ̀kan ṣì so mọ́ ara mọ́tò. Ẹni tó bá fipá fà á, wáyà ló máa já, owó ẹ́ńjìnì á sì jábọ́. Tó bá ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ láti orí sítáǹdì, mọ́tò ni kí ẹ tì sẹ́yìn, ẹ má ti férémù. Kí ẹnikẹ́ni má sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti yọ tèmi. Ṣé ó lè wà níta di ìgbà tí oníbàárà bá dé? (Kàdúná)

Ìdáhùn: Ó lè wà níta, ṣùgbọ́n orí táyà àlòkù ni kí ẹ gbé e lé. Bó bá jókòó lórí páànù ọ́ìlì, páànù á tẹ̀ wọnú, á dí ẹnu tó ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnì á sì nọ́ọ̀kì. Ẹ fi àkísà mímọ́ dí gbogbo ihò, torí eruku ọyẹ́ tó bá wọlé á ha sìlíńdà. Ẹ ka iye àkísà náà, kí ọ̀kan má baà kù sínú.