Ṣé abúlé lè fi esùsú àti òkúta wẹ́wẹ́ fọ omi ìdọ̀tí láìkọ́ táǹkì?

Ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Faransé ń ṣe é. Bí omi ṣe ń ti ilé ìyàgbẹ́ àti ilé ìdáná bọ̀ ni wọ́n ṣe ń dà á sínú kòtò òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbin esùsú sí. Asẹ́ irin nìkan ló ń kọ́kọ́ yọ àkísà àti àpò ọ̀rá kúrò.

Kì í ṣe esùsú ló ń jẹ ìdọ̀tí o. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó lẹ̀ mọ́ òkúta ni, atẹ́gùn ni wọ́n sì nílò. Ìdí nìyẹn tí kòtò tí omi kọ́kọ́ ń wọ̀ fi ń jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan á gba omi fún bí ọjọ́ 3 sí 4, á wá sinmi fún ọjọ́ 7. Bí atẹ́gùn bá ń mi esùsú, ìdí rẹ̀ á máa la ojú ẹrẹ̀ tó gan, omi á rọ́nà wọlẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí kòtò sinmi, omi á dá dúró, ó di òórùn.

Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà 2, ló ń tó ẹnì kan. Ó tó ọdún 10 sí 15 kí wọ́n tó kó ẹrẹ̀. Àmọ́ kòkòrò àrùn kì í tán nínú omi tó jáde, ẹ má fi rin ẹ̀fọ́ tí ẹ máa jẹ ní tútù.