Òòlù Balẹ̀ ní 400, Bíìlì Dé ní 600: Ṣé Jìbìtì Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo bá wọn dá sí gbàǹjo kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí aago ògiri àtijọ́ kan tó wù mí. Èmi ni mo pe owó tó ga jù, òòlù sì balẹ̀ ní 400. Ọjọ́ kejì ni bíìlì dé, 600 ni mo bá níbẹ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni? Tábìlì ìkọ̀wé àtijọ́ kan tún ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tí mo fẹ́ rà, gbogbo owó tí mo sì ní fún un ò ju 1,000 lọ. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, àbúrò mi, wọn ò jà yín lólè. Gbogbo ohun tó wà nínú bíìlì yẹn wà nínú àdéhùn tí ẹ tẹ bọ́tìnì pé ẹ gbà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ ò kà á. Èmi náà ò kà á nígbà tèmi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa bá èèyàn ra ọjà ní gbàǹjo.

Ẹ jẹ́ ká tú bíìlì náà palẹ̀. 400 ni iye òòlù, ìyẹn iye tí ìpè owó parí sí. Ilé gbàǹjo gba 25% lórí ẹ̀, ìyẹn 100. Òun ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ ní "buyer's premium". Nígbà kan, ọwọ́ ẹni tó gbé ọjà wá nìkan ni àwọn ilé gbàǹjo ńlá Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ń gba owó iṣẹ́ wọn, àfìgbà tó di 1975 tí Christie's àti Sotheby's bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ olùrà náà. Àwọn tó ń ṣòwò ọjà àtijọ́ pariwo títí, ó sú wọn. Ìkànnì tí ẹ gbà wọlé tún gba 5% tirẹ̀, ó di 20. Owó orí ìjọba jẹ́ 20% lórí 120 tí àwọn méjèèjì gbà, ìyẹn 24. Dídì àti gbígbé jẹ́ 56. Ẹ ro ó pọ̀, 600 ni.

Iye wọ̀nyí máa ń yàtọ̀ láti ilé gbàǹjo kan sí òmíràn. Níbòmíràn, owó orí ìjọba á gun iye òòlù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọjà bá sì ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń dúró dè é. Ìdí nìyí tí mi ò kì í fi wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí iye ọjà.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa ṣe ìṣirò, ẹ má ti iwájú ṣe é. Ẹ ní 1,000 fún tábìlì yìí. Tábìlì wúwo ju aago lọ, torí náà ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ agbẹ́rù iye tó máa gbà. Ká ní ó sọ pé 180. Ó ku 820. Tó bá jẹ́ pé ilé gbàǹjo kan náà ni, tí owó tí wọ́n ń gbà ò yí padà, gbogbo 1 tí ẹ bá pè yóò di 1.36 nínú bíìlì. Ẹ fi 1.36 pín 820, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 603. 600 ni òpin yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Inú ìwé ni mo wí o, ẹ má kàn fi í sórí lásán, torí pé orí máa ń gbóná bí ó bá ku ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ jẹ́ ká wo tábìlì fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Fọ́tò mélòó ni wọ́n fi síbẹ̀? Tí ó bá jẹ́ iwájú nìkan, ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí kí wọ́n ya ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀, àti inú àwọn àpótí tí à ń fà. Ẹ ní kí wọ́n fa ọ̀kan jáde pátápátá kí wọ́n sì ya igun rẹ̀, níbi tí pákó méjì ti ki eyín bọ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ káfíńtà ló fi ayùn gé eyín yẹn, kò ní dọ́gba: ọ̀kan á fẹ̀ díẹ̀, èkejì á tín-ín-rín. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀rọ ló gé e lóòótọ́, ó sì lè má gbó tó bí wọ́n ṣe ń wí. Kí ẹ tún wo ẹ̀yìn ọwọ́ tí à ń dì mú. Ihò àtijọ́ tí wọ́n ti dí, tí kò bá ihò tuntun mu, ń sọ fún yín pé wọ́n ti pààrọ̀ ọwọ́ náà. Ìyẹn nìkan ò ba tábìlì jẹ́ o, iye rẹ̀ ló ń dín kù.

Ẹ sì ka ọ̀rọ̀ inú àkọsílẹ̀ bí agbẹjọ́rò. Tí wọ́n bá kọ orúkọ oníṣẹ́ ọnà síbẹ̀ tí "attributed to" ṣáájú rẹ̀, èrò tiwọn ni, wọn ò búra. "Style of" túmọ̀ sí pé ó jọ ọ́, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. "A/F" ni mo máa ń bẹ̀rù jù: bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ṣe ń tà á, àbùkù kan wà lára rẹ̀, àwárí ku sọ́wọ́ yín. Mo ti ra àpótí aṣọ kan bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ ilé gbàǹjo kan tí mi ò ní dárúkọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé nínú gbogbo fọ́tò. Nígbà tó délé tí mo ṣí i, ìkán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lulẹ̀. Mo bínú títí, mo tún padà lọ ka àkọsílẹ̀: lẹ́tà méjì yẹn wà níbẹ̀ kedere.

Bó bá dọjọ́ gbàǹjo, ẹ tẹ 600 yín sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìkànnì bá gbà á. Kò ní ná an tán lójú ẹsẹ̀. Ṣe ni yóò máa fi díẹ̀díẹ̀ gun orí ẹni tó kàn yín, bí kò bá sì sí ẹlòmíràn, ó lè dúró jìnnà sí 600. Lórí ìkànnì eBay, àkókò tó bá pé ti pé, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lúgọ de ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo mìíràn ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un nígbàkígbà tí ẹnì kan bá pe owó ní ìparí, lílúgọ ò wúlò níbẹ̀.

Bí wọ́n bá kọjá 600, ẹ dìde, ẹ lọ pọn omi. Ní 1971, Capen, Clapp àti Campbell, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ epo kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń du ibi tí epo wà nínú omi Gulf of Mexico. Wọ́n ṣàlàyé pé nígbà tí kálukú bá ń méfò iye ohun kan, ẹni tó borí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí èfò tirẹ̀ ga kọjá òótọ́ jù. Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ dídá ọjà padà ńkọ́? Ẹ má gbọ́kàn lé e. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n gbàǹjo tí èèyàn láǹfààní láti lọ jókòó sí fúnra rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ohun mìíràn tó jẹ mọ́ tábìlì: bí eyín erin bá wà lẹ́nu ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ má rà á gba ẹnubodè kankan kí ẹ tó béèrè nípa ìwé àṣẹ. CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, kékeré ni ì báà jẹ́.

Ní ti aago, ẹ san owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá, torí wọ́n lè máa gba owó ibi ìkó-ẹrù-sí lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́. Bí bíìlì mìíràn bá dé tó ní nọ́ńbà báǹkì ti yí padà, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì wọn pè wọ́n ná, ẹ má lo èyí tó wà nínú ìwé náà. Kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n yọ irin tó ń fì nínú aago náà kúrò kí wọ́n tó dì í, kí wọ́n wé e lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e rọ̀ á ti kán kí ọkọ̀ tó débẹ̀.