Ẹja bẹ́tà, ewé fúrúùtù àti omi àlùwàlá

ÌBÉÈRÈ: Ààfáà, àsàlámù àléékùmù. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ní Parakin. Ọkọ mi ra ẹja bẹ́tà kan, ẹja kékeré tí wọ́n ń sìn wò nínú ilé, bọ̀ láti Ìbàdàn fún ọmọ wa. Ẹni tó tà á ní ká máa ju ewé fúrúùtù gbígbẹ sínú omi rẹ̀, omi náà sì pọ́n bíi tíì. Àbúrò bàbá ọkọ mi rí i, wọ́n ní ṣìríkì, ìyẹn ìbọ̀rìṣà, ni, pé Ọ̀ṣun la gbé wọlé. Ọ̀rọ̀ ti dé mọ́ṣáláṣí. Ẹnì kan ní nájísì, ìyẹn ẹ̀gbin, ni omi náà, pé ìrun tí mo kí lẹ́yìn tó ta sí aṣọ mi kò dára. Òmíràn tún ní ká ka Yáásínì sí i, ká máa fi bọ́jú fún ìṣí ọ̀nà. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Wàáléékùmù sàlámù, ọmọ mi.

Ẹja sísìn kì í ṣe ṣìríkì. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, mọ̀ pé àbúrò ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ Anas, ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Abú Umayr, ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré. Kò bá a wí. Ńṣe ló ń bi í léèrè nípa ẹyẹ náà. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Èmi ò sì bínú sí bàbá yẹn púpọ̀. Ifẹ̀ la wà. Ẹni tó bá rí ẹja nínú omi pẹ̀lú ewé, ọkàn rẹ̀ ò ní ṣàì lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ọ̀rọ̀ dé mọ́ṣáláṣí, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fi ewé ṣe?

Orí omi gan-an ni àwọn èèyàn ti ń da ọ̀rọ̀ rú. Ní ìlànà Imáàmù Malik tí àwọn bàbá wa fi kọ́ wa ní kéú, ìgbẹ́ ohun tí ẹran rẹ̀ tọ́ sí wa láti jẹ kì í ṣe nájísì. Ẹja sì tọ́ sí wa. Nítorí náà aṣọ yín mọ́, ìrun yín dára, ẹ má ṣe tún un kí. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ san án padà ti di ẹrù tí Ọlọ́run ò dì lé yín lórí.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má wá sáré lọ fi ṣe àlùwàlá o. Ẹni tó bá ti ka Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn ní ìlànà Malik, kò ní ṣàì rántí rẹ̀: omi tí ohun mímọ́ kan wọ inú rẹ̀ tó sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó mọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹlòmíràn di mímọ́. Kò tó fún àlùwàlá, kò tó fún ìwẹ̀ jánábà, kò sì lè wẹ nájísì kúrò lára aṣọ. Omi yín gan-an nìyẹn. Ẹnì kan lè bi mí pé: kànga inú oko tí ewé igi ń já sí ńkọ́? Àwọn onímọ̀ wa ṣe ìdẹ̀kùn fún ìyẹn, torí kò sẹ́ni tó lè dá ewé dúró lókè. Tiyín, ọwọ́ ara yín lẹ fi jù ú sí i. Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ omi, ẹ dà á sídìí ẹ̀fọ́.

Ní ti oníyáásínì: bídíà, àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ni, kò ní orúkọ míì. Ilẹ̀ Thailand ni ẹja yìí ti wá, inú àbàtà àti omi oko ìrẹsì, níbi tí ewé ń rà sí. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń bá a lára mu. Ìṣí ọ̀nà wo ló wá wà nínú omi tí ẹja ya ìgbẹ́ sí? Ẹ ka Yáásínì, kẹ́ ẹ sì tọrọ lọ́wọ́ Ẹni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó sú mi o.

Ohun tí kò sẹ́ni tó bi mí ló jẹ mí lógún jù. Ànábì sọ fún wa pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó há mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá tirẹ̀. Ẹja yín náà wà ní àhámọ́. Ṣé inú ìgò kékeré tí wọ́n fi tà á ló ṣì wà? Ohun tó gba omi bíi lítà 20 ló yẹ ẹ́. Ẹ má kún un dé ẹnu, torí ó máa ń yọjú sókè wá mí. Ẹ sì fi ohun tó ní ihò bò ó, kó má baà fò jáde. Bí omi ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà lẹ̀ ń lò, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ máa pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má dà á nù tán lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́, nǹkan bí 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, tí ọyẹ́ bá dé, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín lọ mú akọ kejì wá láti fi wòran. Wọn á ja ara wọn ya. Abu Dawud àti Tirmidhi gba hádíìsì wá pé Ànábì kọ̀ ká máa ti ẹranko sí ara wọn láti jà. Tí owó bá tún wọ̀ ọ́, tẹ́tẹ́ ti dé nìyẹn.

Bàbá yẹn, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n wá rí mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.