Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Kóró Ata Ló Fa Àpò Inú Ìfun Ìyá Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ń gbé ní Ìgbógbo, níhìn-ín ní Ìkòròdú. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láìsí inú rírun rárá. Jẹ̀díjẹ̀dí la pè é, a sì ra àgbo fún wọn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà tún padà wá, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, dókítà sì fi ẹ̀rọ oníná wo inú ìfun wọn, ó ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, pé àwọn àpò kéékèèké ló wà lára ìfun ńlá wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ní kóró ata àti ẹ̀pà ló há síbẹ̀. Kí ló ń fà á gan-an, ṣé kò sì ní kan èmi ọmọ wọn?
Ọmọ wọn obìnrin, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ̀pà àti kóró ata láre, nítorí ẹ̀sùn tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń rù káàkiri. Àwọn dókítà pàápàá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kìlọ̀ fún aláìsàn pé kó má jẹ ẹ̀pà àti gúgúrú, títí di ọdún 2008 tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọdún 18 tẹ̀ lé ohun tí ọkùnrin 47,228 ń jẹ, tí wọn kò sì rí i pé ẹni tó ń jẹ wọ́n kó sínú ìṣòro yìí ju ẹni tí kì í jẹ wọ́n lọ.

Lára ògiri ìfun ńlá, àwọn ojú ibi kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ògiri náà sì ti fẹ́lẹ́ jù. Bí ìfun bá ń fún ara rẹ̀ gírígírí fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ti ìgbẹ́ lọ, awọ inú rẹ̀ á yọ síta níbẹ̀, bí túùbù ṣe ń yọ kókó níbi tí táyà kẹ̀kẹ́ ti gbó. Ọ̀pọ̀ àpò wọ̀nyí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àpò náà lè já, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìsí ìrora, bó ṣe rí fún ìyá yín; bí àpò náà bá sì wú, inú rírun àti ibà ló máa ń bá a rìn.

Ọjọ́ orí wà lára ohun tó ń fà á, nítorí ògiri ìfun náà ń gbó. Ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ti lé ní 60 ọdún tó ní àpò yìí, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Ti oúnjẹ ló ní ìtàn. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, ṣàkíyèsí pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Áfíríkà, òun àti Neil Painter, dókítà oníṣẹ́ abẹ mìíràn, sì kọ ọ́ lọ́dún 1971 pé àìjẹ okùn oúnjẹ tó, ìyẹn háríhá tí ikùn kì í dà, ló fà á. Ẹ wo eèrí tí a ń sẹ́ kúrò lára ọ̀gì, tí a ń dà fún ewúrẹ́: okùn náà nìyẹn, ọ̀gì tó funfun tó sì jọ̀lọ̀ ni àwa ń mu. Àmọ́ ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí okùn oúnjẹ nìkan. Sísanra jù, jíjókòó sójú kan, sìgá àti ẹran màlúù lójoojúmọ́ wà níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni oògùn. Ọ̀pọ̀ ìyá ń lo ibuprofen tàbí diclofenac fún orúnkún, láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, láìsí ìwé dókítà. Àwọn oògùn wọ̀nyí wà lára ohun tó ń mú kí àpò ìfun ṣẹ̀jẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, kì í ràn, ṣùgbọ́n ó ń rìn nínú ìdílé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì ní Sweden àti Denmark fi hàn pé ipa àjogúnbá nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Èyí kò sọ pé ẹ ó ní in dandan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lára ìyá, ẹ má dúró de àgbo, kí ẹ sì kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn orúnkún wọn dání lọ bá dókítà. Bí aspirin tí dókítà kọ fún ọkàn wọn bá wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró.