Tíṣà gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi

Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí wá láti Kàbà. Ìyá ọlọ́jà kan tó ń ta ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ ló kọ ọ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà ni ọkọ mi, ọdún 35 ló fi ṣe iṣẹ́ náà kó tó fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n rímú mí nínú ilé ìdáná mi. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jí. Màá dá iná, màá jókòó sórí àpótí mi, màá yáná, màá mu ògì bàbà mi ní gbígbóná kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Ní báyìí, kí n tó dé ibẹ̀, ó ti dá iná, ó ti gbá ilẹ̀, ó ń bi mí pé kí la máa jẹ. Ó to àwo mi bí ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kọ 'iyọ̀' sára agolo iyọ̀, ó kọ 'irú' sára ike irú. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ó fi ọṣẹ àti kànrìnkàn onírin fọ ìkòkò amọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi títí ó fi pupa. Mo sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jà fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbé e wá káwọn fẹ́ ẹ. Ṣé aláìmoore ni mí ni?"

Ọ̀kun o, àbúrò mi. Mo kí ọ kú ọjà.

Rárá, o kì í ṣe aláìmoore. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìkòkò, torí ó dùn mí bí ẹni pé tèmi ni. Má sọ ọ́ nù o. Amọ̀ máa ń fa nǹkan mu, ọṣẹ yẹn ti wọ inú ara rẹ̀, bí o bá se ọbẹ̀ sí i báyìí, ọbẹ̀ náà á rùn. Rọ omi kún un, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, dà á nù, rọ òmíràn. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, títí omi náà kò fi ní hó mọ́ bí o bá fọwọ́ rò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, da omi ìrẹsì sí i, gbé e ka iná tí kò le, jẹ́ kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún bíi wákàtí kan. Omi ìrẹsì yẹn ló máa dí àwọn ihò wínníwínní ara rẹ̀. Jẹ́ kó tutù níbi tó wà lórí ààrò, má gbé e látorí iná sórí sìmẹ́ńtì tútù, á sán. Àtìgbà náà lọ, omi gbígbóná àti kànrìnkàn ìbílẹ̀ ti tó o, kò sí ọṣẹ. Ní ti dúdú ìdí rẹ̀, iná á dá a padà fúnra rẹ̀.

Tíṣà gan-an ni kó ṣe gbogbo èyí. Kà á fún un bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹni tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yóò gbádùn iṣẹ́ tó ní ìlànà.

Ó wá ku ohun tó ń dùn ọ́ gan-an, tí o fi àárín lẹ́tà rẹ bò mọ́lẹ̀: àpótí yẹn, iná yẹn, ife ògì yẹn.

Ará Bùnú ni ìyá tó bí ìyá mi. Ọ̀fì tirẹ̀ tó fi ń hun aṣọ kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń na òwú rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbọọrọ. Òòró ni ó dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri nínú ilé. Ìyá á toko dé, á se oúnjẹ, á da èèpo iṣu fún ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ni á wá jókòó sídìí rẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ rán an níṣẹ́, bàbá àgbà pàápàá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wúkọ́, á padà. Àwa ọmọdé rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìgbà tí èmi náà bímọ mẹ́rin ni mo tó mọ̀ pé ìsinmi ni.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Tíṣà pé ọ̀fì tìrẹ ni àpótí yẹn. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ni dídá iná, ó sì ń gbà á ṣe fún ọ. Wo òun náà wò: gbogbo ọdún yẹn ló fi ń jí lọ lu aago fún ọmọ ọlọ́mọ. Ojú rẹ̀ ṣì ń là lákòókò náà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó tò sórí ìlà mọ́. Ike irú nìkan ló rí. (Mo rẹ́rìn-ín títí lórí ike irú yẹn. Ta ló ń fi ojú wá irú?)

Torí náà, má lé e kúrò. Ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kò mọ ibi tí ṣíbí wà títí ó fi lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣì ń fi orí ara wọn ru omi. Má sì pe àwọn ọmọ sí i, má gbé e dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí ni.

Má sọ ọ́ nínú ilé ìdáná, má sì sọ ọ́ nígbà tí ìkòkò bá wà lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú yín. Dúró di ìrọ̀lẹ́, tó bá ti jẹ iyán tó sì na ẹsẹ̀. Sọ pé: "Tíṣà, ẹ ṣé fún gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń bá mi ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo bá ti jí títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ jẹ́ kí n dá jókòó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni." Má fi ọ̀rọ̀ ìkòkò kún un.

Kó má bàa jí kó máa wo àjà, wá nǹkan sí i lọ́wọ́. Iṣu inú àká ń fẹ́ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀, kó ṣẹ́ èyí tó ń hù, kó yọ èyí tó fẹ́ jẹrà kó tó ran ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kájú, kó máa sá kóró rẹ̀ sóòrùn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yan án nínú ilé, epo èèpo rẹ̀ máa ń bó ni lára, èéfín rẹ̀ náà kò dára. Èyí tó wù mí jù ni ìwé àwìn rẹ. O ń ta mọ́dù ẹ̀gúsí láwìn, àbí? Gbé ìwé náà fún un. Àwọn tó jẹ ọ́ lówó á sanwó bí wọ́n bá rí i tí Tíṣà ń fi bírò pupa sàmì sí orúkọ wọn.

Bó bá gbà, tí ilé ìdáná sì padà sọ́wọ́ rẹ ní ìdájí, o lè bó bébà ara agolo iyọ̀. Ti ike irú, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ fún un. Kí o sì kọ̀wé sí mi nípa ìkòkò náà.